Ìyà Tí Ẹran Ń Jẹ Láti Ngomari Dé Odò-Ẹran Wa

Ngomari wà lára àwọn àdúgbò Maiduguri tí ó súnmọ́ pápákọ̀ òfurufú. Ẹni tó bá mọ ohun tí ogun Boko Haram ti ń fà ní Borno láti 2009 kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ohun tí ojú àwọn ará ibẹ̀ ti rí. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, bọ́ǹbù bú gbàù ní Ajilari àti ní Ngomari. Àwọn kan wà nídìí ìrun, àwọn mìíràn ń wo bọ́ọ̀lù. Àwọn ọlọ́pàá ní èèyàn tó kú lé ní àádọ́ta. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ìdílé sá wá láti abúlé tí wọ́n dáná sun, kí ni èèyàn ń wá tó fi ń sọ̀rọ̀ ìyà tó ń jẹ ẹranko?

Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì ní sá fún un. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn tí mo bọ̀wọ̀ fún pé, “Èèyàn ò tíì rí jẹ, o ń sọ ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.” Bí ọ̀rọ̀ náà bá rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́, pé ẹ̀tọ́ ẹran wà ní apá kan, ti èèyàn sì wà ní apá kejì, èmi náà ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ní Borno, ìyà ẹran àti ìyà èèyàn jọ ń rìn ni. Nígbà tí àwọn agbébọn bá ya wọ abúlé, agbo ẹran wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kó. Màlúù ni owó tí darandaran fi pamọ́, òun ni yóò fi fẹ́yàwó fọ́mọ, òun ni yóò tà bí àìsàn bá wọlé. Ní 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Borno ní láti ti ọjà màlúù pa fún ìgbà díẹ̀, torí wọ́n ní ẹran tí Boko Haram jí kó ni wọ́n ń gbà wá tà síbẹ̀ kí wọ́n lè fi owó rẹ̀ jagun. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sá àsálà, orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n di ẹní àti ìkòkò wọn lé. Ẹni tó bá fẹ́ ya ọ̀rọ̀ ẹran sọ́tọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ èèyàn níbẹ̀ kò tíì wo ilẹ̀ náà dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà. Oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún ni ooru máa ń mú jù ní Maiduguri. Ó máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú ooru yẹn ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yóò ti máa gbé igi ìdáná, tí yóò máa fa yanrìn àti omi. Wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí okùn ti ń ha á. Irun ibẹ̀ á kọ́kọ́ re, awọ á bó, egbò á jáde, eṣinṣin á sì bò ó. Bí ẹni tó ń dà á bá wá fẹ́ kó yára, ojú egbò yẹn gan-an ni yóò fi igi gún. Kò gún ibòmíràn, torí ó ti mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń dùn ún jù.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí yìí. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Òwe yìí gbà pé bí èèyàn bá mọ bó ṣe ń dùn tó, ọwọ́ rẹ̀ yóò rọ̀. Ẹni tó ń gún ojú egbò ti kọjá ibẹ̀. Ó mọ bó ṣe ń dùn tó, ìmọ̀ yẹn ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó máa ń sọ pé àìmọ̀kan ló ń fa ìwà ìkà sí ẹran, pé ká ṣáà máa là wọ́n lọ́yẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi pàṣán na ohun tó gbà gbọ́ pé kò lè mọ ìrora. Òkúta ni a kì í nà.

Ohun kan wà nínú ìwà kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó tún ń dá kún ìyà rẹ̀. Kì í tètè fi hàn pé nǹkan ń ṣe òun. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹranko mọ̀ pé ó lè máa rìn, kó máa jẹun, kó sì jẹ́ pé àìsàn tó wà lára rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára jinlẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ẹran náà le koko. Nígbà tó bá fi máa dùbúlẹ̀, ó ti pẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n ta ni ẹni tó ń dà á? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọdékùnrin ni. Ó lè jẹ́ ọmọ tí ogun lé kúrò nílé, tí kò sí nílé ìwé, tí kò ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà, tó jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló ń jẹ́ iṣẹ́ fún, tí iye tó gbọ́dọ̀ mú délé lálẹ́ sì ti wà nílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ó bá jẹ́ kí ẹran sinmi, òun ni ebi yóò pa. Mi ò lè fi ẹ̀bi náà lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí, kí n wá lọ sùn. Ẹ̀bi yẹn ga ju orí rẹ̀ lọ. Ẹni tó ni ẹran, tó ń ka owó, tó sì rí egbò náà láàárọ̀ nígbà tí wọ́n ń di ẹrù, òun ni ìbéèrè kọ́kọ́ tọ́ sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gba owó ọjà, tí kò sì gbẹ́ kòtò omi kan fún ẹran mu.

Ohun tí yóò dín ìyà yìí kù kò wọ́n. Aṣọ àkísà tàbí àpò tí wọ́n ká, tí wọ́n fi sábẹ́ okùn àti igi, kò ní jẹ́ kí awọ bó. Kí ẹrù dín díẹ̀. Kí ẹran mu omi kó tó gbéra. Kí iṣẹ́ dúró nígbà tí oòrùn bá dé àtàrí. Obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Dorothy Brooke, dé Cairo ní 1930, ó sì bá àwọn ẹṣin tí wọ́n fi ja Ogun Àgbáyé Kìíní níbẹ̀, tí ogun ti parí tí wọ́n tà wọ́n fún ẹni tó ń fi wọ́n fa ẹrù, tí wọ́n ti rù kan egungun. Ó dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún wọn ní 1934. Àjọ tó ti inú rẹ̀ jáde, tó ń jẹ́ Brooke, ń ṣiṣẹ́ ní Senegal àti Burkina Faso lónìí. Kì í ṣe pé wọ́n ń gba ẹran lọ́wọ́ tálákà. Wọ́n ń jókòó ti ẹni tó ni ẹran, wọ́n ń kọ́ ọ bí yóò ṣe di ẹrù àti bí yóò ṣe tọ́jú pátákò, torí bí ẹran rẹ̀ bá pẹ́ láyé, òun náà yóò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Orí ẹṣin tí ogun fi sílẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé ìlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọgbọ kí á tó sọ̀rọ̀ ẹran.

Ewu mìíràn tún ti dé bá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Awọ rẹ̀ ni wọ́n ń wá fún oògùn kan tí wọ́n ń sè ní Ṣáínà, tí wọ́n ń pè ní ejiao. Òwò náà pa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Áfíríkà débi pé ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn olórí orílẹ̀-èdè inú Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà péjọ ní Addis Ababa, wọ́n sì fòfin de pípa kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nítorí awọ rẹ̀ fún ọdún 15. Síbẹ̀, kì í ṣe awọ nìkan ni wọ́n ń wá: ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà gba nǹkan ọmọkùnrin kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó lé ní 10,000 lójú ọ̀nà Kaduna sí Abuja. Ẹ rò ó wò: fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹran kan ti kú.

Maiduguri tún ní ìtàn kan tí ó yẹ kí gbogbo ìlú tó ń fi ẹranko sínú àgò gbọ́. Ọgbà ẹranko kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sanda Kyarimi Park, tí wọ́n fi orúkọ ọ̀kan lára àwọn Shehu, ọba Borno, sọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà ti kọ́kọ́ fojú kan kìnnìún àti ọ̀nì. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìsédò Alau ya. Omi odò Ngadda bo ìdajì ìlú, ó wọ ààfin Shehu, ó wọ ọjà Monday Market, ó sì lé ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn kúrò nílé. Ó kéré tán, ọgbọ̀n èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ó kú. Ọ̀gá ọgbà ẹranko náà kéde pé ó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹranko ọgbà náà tó kú, àti pé omi gbé àwọn bí ọ̀nì àti ejò wọ àdúgbò àwọn èèyàn.

Nígbà tí ìròyìn náà jáde, ọ̀rọ̀ ọ̀nì àti ejò ló gba ẹnu gbogbo ayé, ìbẹ̀rù sì tọ́. Àwọn ìdá 80 yẹn ni ọkàn tèmi lọ sí. Ẹranko inú igbó tí omi bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ á sá. Etu á sá, ọ̀bọ á gun igi, ẹyẹ á fò. Èyí tó wà nínú àgò kò lè sá, kò sì yan ibẹ̀. Èèyàn ló mú un wá, tó ti ilẹ̀kùn, tó mú kọ́kọ́rọ́ sí àpò. Láti ìgbà tí a bá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀dá kan, gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i ti di ọ̀rọ̀ wa: oúnjẹ rẹ̀, omi rẹ̀, àti ọ̀nà tí yóò gbà jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ tàbí tí omi bá ya. Mi ò dá àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà náà lẹ́bi pé wọn ò dúró ṣí ilẹ̀kùn láàárín ọ̀gbàrá òru. Àwọn náà ní ọmọ nílé. Ohun tí mo ń sọ ni pé omi yìí kì í ṣe àkọ́kọ́. Ìlú náà ti rí irú ẹ̀ ní 1994. Ọgbà ẹranko tí wọ́n bá kọ́ sí ìlú tí omi ti ya wọ̀ rí, tí kò sì sí ètò bí wọ́n ṣe máa kó ẹran kúrò kí omi tó dé, kò tọ́ kí ó wà. Ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ọgbà ẹranko tó wà nílẹ̀ wa, láti ti yunifásítì títí dé ti gómìnà tó bá ń sin kìnnìún sí ẹ̀yìn ilé ìjọba. Bí ìjọba kò bá lè bọ́ kìnnìún dáadáa, kí ó má ra kìnnìún.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á bọ́ sórí màlúù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Maiduguri ti di ọ̀rọ̀ Ìbàdàn àti Èkó.

Ọjà màlúù Maiduguri, tí wọ́n ń pè ní Kasuwan Shanu, wà lára àwọn tó tóbi jù ní gbogbo agbègbè Adágún Chad. Ẹran ń wọ ibẹ̀ láti Chad, láti Niger, láti Cameroon. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ̀yin àti èmi ń jẹ pẹ̀lú àmàlà lọ́jọ́ Sátidé, apá ibẹ̀ yẹn ló ti wá. Láti Maiduguri sí Èkó tó nǹkan bí 1,500 kìlómítà. Nígbà kan, ọkọ̀ ojú irin wà lára ohun tó ń kó wọn. Ojú irin dé Maiduguri ní 1964. Nígbà tí rélùwéè dẹnu kọlẹ̀, tírélà gba iṣẹ́ náà.

Bí wọ́n ṣe ń kó màlúù sínú tírélà rèé. Wọ́n á tò wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, èyí á kọ orí sápá ọ̀tún, èyí á kọ orí sápá òsì, wọ́n á fi okùn kúkurú so ìwo wọn mọ́ irin tàbí mọ́ igi. Kò sí àyè láti yí, kò sí àyè láti dùbúlẹ̀. Òòró ni wọ́n máa wà fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ọ̀kan bá rẹ̀ ẹ́ tó ṣubú, àwọn tó kù á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìfẹ́. Àwọn ọmọkùnrin tó jókòó lórí igi lókè ni iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé e dìde. Wọn kì í lè sọ̀ kalẹ̀ láàárín pátákò. Láti òkè ni wọ́n á ti máa fi igi nà án, tí wọ́n á máa gún un. Bí wọ́n bá rí ìrù mú, wọ́n á lọ́ ọ. Ìrù màlúù ní egungun nínú. Bí wọ́n bá lọ́ ọ kọjá ibi tó yẹ, yóò kán, ẹni tó bá wà nítòsí á sì gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹran náà á dìde, bí ó bá ṣì lè dìde. Èyí tí kò bá lè dìde, wọ́n á fà á sílẹ̀ ní ibi tí ọkọ̀ bá ti dúró, wọ́n á pa á níbẹ̀, wọ́n á tà á ní ẹ̀dínwó.

Ní gbogbo ọjọ́ yẹn, omi ńkọ́? Ọkọ̀ ń sáré kó lè tètè dé. Ohun tó ń dá a dúró kì í ṣe omi ẹran, àwọn tó ń béèrè owó lójú ọ̀nà ni. Ṣọ́jà, ọlọ́pàá, agbowó-orí ìjọba ìbílẹ̀ tó gbé igi dábùú ọ̀nà. Mo fẹ́ kí ẹ wo èyí dáadáa, nítorí a kì í sábà kà á kún ìwà ìkà sí ẹran. Gbogbo wákàtí tí awakọ̀ fi ń dúnàádúrà lábẹ́ oòrùn ní Potiskum tàbí ní Lokoja, ìdúró ni fún màlúù tó wà lẹ́yìn. Ẹni tó ń gba rìbá níbẹ̀ kò fọwọ́ kan ẹran kankan, kò sì gbé pàṣán. Síbẹ̀ ó ń jẹ wọ́n níyà lójoojúmọ́.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin wọn tó ti wà láti 2005 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ gbé màlúù rìn ju wákàtí 14 lọ kí wọ́n tó dúró fún ó kéré tán wákàtí kan láti fún un lómi. Lẹ́yìn wákàtí 14 mìíràn, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún wákàtí 24 kó jẹun, kó sinmi. Kì í ṣe gbogbo awakọ̀ wọn ló ń pa òfin náà mọ́, ẹjọ́ rẹ̀ sì ń lọ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin bá wà, ẹnì kan wà tí a lè mú. Ní tiwa, láti Borno dé Ògùn, mi ò mọ ibì kan tí ọkọ̀ akẹ́ran ti gbọ́dọ̀ yà kí ẹran mu omi.

Ẹni tí àánú kò bá wọ̀ létí, kí ó gbọ́ ti ẹran tí ó fẹ́ jẹ. Ṣúgà kan wà nínú iṣan màlúù tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á, òun ló máa ń di ásíìdì díẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹran dẹ̀ kí ó sì pẹ́ kó tó bàjẹ́. Màlúù tí wọ́n ti nà, tí ẹ̀rù ti bà, tí kò jẹ tí kò mu fún ọjọ́ mẹ́ta, ti lo ṣúgà yẹn tán kó tó dé ọ̀dọ̀ alápatà. Ẹran rẹ̀ á dúdú, á le, á sì tètè rà. Ibi tí wọ́n bá ti nà án, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, alápatà á gé e sọnù tàbí kó tà á fún ẹni tí kò mọ̀. Àwọn oníṣòwò náà mọ̀ pé ẹran máa ń rù lójú ọ̀nà. Àdánù ni fún gbogbo wa, a kàn ti gbà á bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n á sọ̀ wọ́n sí Kára lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, wọ́n á dà wọ́n lọ sí odò-ẹran Oko-Ọba ní Agége, tàbí sí ti Akínyẹlé ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá ti dé odò-ẹran láàárọ̀ kùtùkùtù mọ bó ṣe ń rí. Ilẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n ń pa àti èyí tó kàn wà lójú kan náà, tí wọ́n jọ ń wo ara wọn.

Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ àwọn alápatà wa, wọ́n sì ń ṣe bísímílà kí wọ́n tó dúńbú ẹran. Ẹ̀sìn kan náà ló sọ fún wọn pé Ọlọ́run pa á láṣẹ kí á ṣe dáadáa nínú ohun gbogbo, títí kan bí a ṣe ń pa ẹran: kí á pọ́n ọ̀bẹ, kí á má sì jẹ́ kí ẹran jìyà. Nínú ẹ̀sìn kan náà ni ìtàn obìnrin tó wọ iná nítorí olóńgbò tó so mọ́lẹ̀ tí kò bọ́, àti ìtàn ẹni tí Ọlọ́run dárí jì nítorí pé ó fi bàtà rẹ̀ fa omi nínú kànga fún ajá tí òùngbẹ ń gbẹ. Àwọn Mùsùlùmí Ngomari mọ ìtàn wọ̀nyí bí àwọn ti Ìlọrin ṣe mọ̀ wọ́n. Bíbélì àwọn Kristẹni náà kò dákẹ́: ìwé Òwe sọ pé olódodo a máa bìkítà fún ẹ̀mí ẹran rẹ̀, ìwé Diutarónómì sì ní kí á má di màlúù tó ń pa ọkà lẹ́nu. Kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀sìn ṣe àwáwí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka èyí tán kó ní àwọn ará òkè ọ̀hún ni ìkà ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Ta ló ń so adìẹ méje pọ̀ lẹ́sẹ̀, tó ń dorí wọn kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà láti Ìwó dé Òṣogbo? Ta ló ń ti àgbò Iléyá sínú búùtù mọ́tò nínú oòrùn ọ̀sán? Olóńgbò tó bá ké lórí òrùlé lóru, àjẹ́ la máa ń pè é, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, àwọn ọmọ àdúgbò á fi òkúta lù ú pa, àgbàlagbà á dúró, á máa wò wọ́n. Ìjà àgbò ní Èkó ti di eré ìdárayá tó lẹ́gbẹ́ tó sì ní ife-ẹ̀yẹ. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ á ní àgbò ni kò ní ìkáwọ́, pé ó máa ń kàn lásán. Bẹ́ẹ̀ ni, àgbò máa ń kàn. Ṣùgbọ́n nínú pápá, èyí tí kò lè jà á yà bàrá, ọ̀rọ̀ á parí. Nínú agbo tí èèyàn yí ká, tí wọ́n ń pariwo, ibo ni yóò yà sí?

Òfin wà. Ìwé òfin Criminal Code tí àwọn aláwọ̀ funfun fi sílẹ̀ fún wa sọ ní abala 495 pé ẹni tó bá lu ẹranko ní ìlù ìkà, tó ta á nípàá, tó di ẹrù tó pọ̀ jù lé e, tó fìyà jẹ ẹ́ tàbí tó dẹ́rù bà á, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni tàbí owó ìtanràn 50 náírà, tàbí méjèèjì. Mo tún un kà kó lè dá mi lójú: 50 náírà. Owó yẹn kò ra ju omi inú ọ̀rá kan lọ lónìí. Ìwé òfin Penal Code tí àwọn ìpínlẹ̀ Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1960 náà ka ìlù ìkà sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì dárúkọ ẹni tó bá ṣètò ìjà àkùkọ, ìjà àgbò àti ìjà màlúù. Nítorí náà, ọmọ tó gún egbò kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní Ngomari àti ọ̀gá tó rán an níṣẹ́ ti wà lábẹ́ òfin kí wọ́n tó bí wọn. Ọlọ́pàá tó máa mú wọn ni kò sí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnikẹ́ni kò lọ fẹjọ́ sùn. Bí ẹnì kan bá tilẹ̀ lọ, wọ́n á ní kó lọ wá iṣẹ́ ṣe.

Mi ò gbà pé kí á máa fi ọmọ tálákà sẹ́wọ̀n ni yóò tún nǹkan ṣe. Bí mo bá ní agbára, ibi tí owó ti ń wọlé ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ni tírélà. Ẹni tó ń ra ogójì màlúù lẹ́ẹ̀kan. Ìjọba tó ń gba owó lórí màlúù kọ̀ọ̀kan tó wọ odò-ẹran rẹ̀. Wọ́n lè sọ pé ọkọ̀ tí ẹran rẹ̀ bá dé pẹ̀lú ìrù kíkán àti ara bíbó kò ní wọlé. Lọ́jọ́ tí ìyẹn bá bẹ̀rẹ̀ ní Agége, ìròyìn rẹ̀ á dé Kasuwan Shanu kí ọ̀sẹ̀ tó parí, torí ẹni tó ń tà kì í pẹ́ mọ ohun tí ẹni tó ń rà kò fẹ́. Agbára yẹn wà lọ́wọ́ wa níhìn-ín ju bó ṣe wà lọ́wọ́ Borno lọ. Àwa la ní owó tí wọ́n ń wá.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì wà nílẹ̀. Yunifásítì Maiduguri, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko. Yunifásítì Ìbàdàn náà ń kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá iṣẹ́. Ẹ gbà wọ́n sí ẹnu ọjà màlúù, ẹ gbà wọ́n sí ojú ọ̀nà, kí wọ́n máa wo ẹran kó tó wọ ọkọ̀ àti nígbà tó bá sọ̀ kalẹ̀. Ojú kan náà tí wọ́n fi ń wá egbò ni wọ́n á fi rí àìsàn tó lè ran èèyàn.

Ẹ̀yin aṣòfin Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì àti Kwara, ẹ wo abala 495 yẹn àti irú rẹ̀ nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ yín. Ibi tí 50 náírà bá ṣì wà, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi iye tó máa dun olówó síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin pé màlúù tó bá wọ ìpínlẹ̀ yín gbọ́dọ̀ ti dúró mu omi lójú ọ̀nà, kí ẹ sì kọ́ ibi tí yóò ti mu ún. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹran, bí ẹ bá dé iwájú alápatà yín ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ bi í bí màlúù náà ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí kò bá mọ̀, ẹ sọ fún un pé ẹ óò tún béèrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.